Ẹlẹ́rìí Tó Dúró Síta: Àlàyé Lórí Dátà Ìdánwò Nínú Iṣẹ́ Kírísítálì Purotéènì àti DNA

Fáìlì kan wà tó ti da ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lórí rú. Orúkọ rẹ̀ máa ń fi mtz parí, inú rẹ̀ sì ni àwọn onímọ̀ ń kó ìwọ̀n tí wọ́n rí lára kírísítálì sí. Bí ẹ bá wo inú rẹ̀, ẹ ó rí òpó kan tí wọ́n kọ FreeR_flag sí lórí, tí nọ́ńbà inú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti 0 lọ dé 19. Sọ́fítíwià kan á ka òpó yìí, á ní àwọn ìwọ̀n tí nọ́ńbà wọn jẹ́ 0 ni òun kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn. Sọ́fítíwià mìíràn á ka òpó kan náà, á ní àwọn tó jẹ́ 1 ni. Kò sí èyí tó máa pariwo nínú àwọn méjèèjì. Wọn á ṣiṣẹ́ dé òpin, wọn á gbé èsì tó dùn ún wò jáde, bẹ́ẹ̀ ọ̀kan nínú èsì náà ti di irọ́ kí ẹnikẹ́ni tó fura.

Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ sínú iṣẹ́ yìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀, àti ẹni tí kò ní bọ́ sínú rẹ̀ láéláé ṣùgbọ́n tó ń gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ti rí bí purotéènì kan ṣe rí, pé wọ́n sì ń wá oògùn tí yóò bá a mu bí kọ́kọ́rọ́ ṣe ń bá àgádágodo mu. Ọ̀rọ̀ náà kò jìnnà sí wa. Hemoglóbìn inú ẹ̀jẹ̀, èyí tí ìyípadà kékeré nínú rẹ̀ ń fa sickle cell tí àwọn àgbà ń pè ní fòníkú-fọ̀la-dìde, wà lára àwọn purotéènì àkọ́kọ́ tí wọ́n fi ìtànṣán X rí àwòrán wọn. Iṣẹ́ yẹn ló mú kí Max Perutz gba ẹ̀bùn Nobel ní 1962, òun pẹ̀lú John Kendrew tó ṣe ti myoglobin, purotéènì inú iṣan. Bí àwòrán irú purotéènì bẹ́ẹ̀ bá tàbùkù, oògùn tí wọ́n bá gbé lé e lórí á tàbùkù pẹ̀lú. Nítorí náà ó yẹ ká mọ bí wọ́n ṣe ń dán àwòrán náà wò, àti ibi tí ìdánwò náà ti máa ń jò.

Ohun tí kírísítálì ń sọ

Nínú kírísítálì purotéènì, àìmọye purotéènì kan náà tò léra wọn lọ́nà kan náà, bíi búlọ́ọ̀kù lára ògiri. Bí wọ́n bá tan ìtànṣán X sí i, ìtànṣán náà á fọ́n káàkiri, á sì ṣe àmì tótóòtó sí ojú ẹ̀rọ tó ń gbà á sílẹ̀. Àmì kan á mọ́lẹ̀ yòò, òmíràn á fẹ́rẹ̀ẹ́ má hàn. Kírísítálì kan lè mú ẹgbẹẹgbẹ̀rún irú àmì bẹ́ẹ̀ wá, ìwọ̀n ìmọ́lẹ̀ wọn sì ni gbogbo ohun tó wà lọ́wọ́ wa. Apá kejì ìròyìn náà, ìyẹn bí ìgbì kọ̀ọ̀kan ṣe ṣíwájú tàbí rẹ̀yìn sí èkejì rẹ̀, ti sọnù kó tó dé ojú ẹ̀rọ.

Nítorí náà a kì í ya fọ́tò purotéènì. A máa ń kọ́ àwòṣe rẹ̀ ni, átọ́ọ̀mù kan tẹ̀lé òmíràn, lórí kọ̀ǹpútà. Lẹ́yìn náà a ó bi kọ̀ǹpútà léèrè pé: ká ní báyìí ni purotéènì náà rí lóòótọ́, irú àmì wo ni ì bá ti ṣe? Èsì tó bá mú wá la ó gbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ ohun tí a wọ̀n. Níbi tí wọn kò bá ti bára mu, a ó sún átọ́ọ̀mù díẹ̀, a ó tún ṣírò, a ó tún sún un. Mo fẹ́ràn láti máa pe iṣẹ́ yìí ní àtúnrọ, torí bí alágbẹ̀dẹ ṣe ń ti irin bọ iná léraléra kó tó gún régé náà ni.

Nọ́ńbà tó ń sọ bí àwòṣe ṣe bá ìwọ̀n mu ni wọ́n ń pè ní R. Ẹ mú ìyàtọ̀ tó wà láàárín ohun tí a wọ̀n àti ohun tí àwòṣe sọ, lórí àmì kọ̀ọ̀kan. Ẹ ro gbogbo ìyàtọ̀ náà pọ̀. Ẹ wá fi àròpọ̀ gbogbo ohun tí a wọ̀n pín in. Bí R bá jẹ́ 0, àwòṣe àti ìwọ̀n bára mu pátápátá. Bí ẹnì kan bá kàn da átọ́ọ̀mù sílẹ̀ bí ẹni da àgbàdo sílẹ̀ fún adìẹ, R rẹ̀ á wà ní nǹkan bí 0.59; A. J. C. Wilson ló ṣírò èyí ní 1950. Àwòṣe purotéènì tó dára, tí kírísítálì rẹ̀ mọ́ dé nǹkan bíi 2 Å, sábà máa ń ní R tó súnmọ́ 0.20. (Å kan jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe kéré tó ni àwòrán ṣe mọ́ tó.)

Bí R ṣe lè tan onímọ̀ jẹ

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò díẹ̀. Purotéènì kan ní átọ́ọ̀mù 2,000. Átọ́ọ̀mù kọ̀ọ̀kan ń fẹ́ nọ́ńbà mẹ́rin: mẹ́ta fún ibi tó wà, ọ̀kan fún bó ṣe ń gbọ̀n tó. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 8,000 nọ́ńbà tí a lè máa yí síhìn-ín sọ́hùn-ún. Bí kírísítálì rẹ̀ bá mọ́ dé 2 Å, nǹkan bí 17,000 àmì la máa rí wọ̀n, ìyẹn dára. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ 3 Å ló mọ́ dé, àmì á já wálẹ̀ sí nǹkan bí 5,000. Nọ́ńbà tí a lè yí ti wá pọ̀ ju ohun tí a wọ̀n lọ. Òótọ́ ni pé kẹ́mísírì ń ràn wá lọ́wọ́, torí a ti mọ bí átọ́ọ̀mù kan ṣe ń jìnnà sí òmíràn tó nínú purotéènì, a sì ń fi èyí dè wọ́n mọ́lẹ̀. Síbẹ̀ àyè tó ṣẹ́ kù pọ̀ tó fún ẹni tó bá fẹ́ fi agbára mú àwòṣe tí kò tọ́ kó bá ìwọ̀n mu. Kò tiẹ̀ nílò láti jẹ́ oníjìbìtì. Kó ṣáà ti fẹ́ kí iṣẹ́ rẹ̀ parí.

Ní 1990, Carl-Ivar Brändén àti Alwyn Jones kìlọ̀ nínú ìwé ìròyìn Nature pé àwọn àwòṣe kan tí wọ́n ti tẹ̀ jáde ní àṣìṣe ńlá nínú. Ọdún márùn-ún lẹ́yìn ìyẹn, Gerard Kleywegt àti Jones kan náà, tí wọ́n ń ṣiṣẹ́ ní Uppsala nílẹ̀ Sweden, ṣe ohun kan tí mo kà sí ọ̀kan nínú àyẹ̀wò tó dára jù lọ nínú iṣẹ́ yìí. Wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ kọ́ purotéènì kan láti ẹ̀yìn wá síwájú: ibi tó yẹ kó parí sí ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló jẹ́ àṣìṣe. Wọ́n wá gbé e fún sọ́fítíwià pé kó túnrọ rẹ̀, wọ́n sì fún un ní gbogbo àyè tó fẹ́. R rẹ̀ wálẹ̀ dé nǹkan bí 0.21. Nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni ì bá fi yangàn nìyẹn, lórí purotéènì tí wọ́n kọ́ sódìkejì.

Ohun tó tú àṣírí náà ni nọ́ńbà kejì, èyí tó wà lókè 0.60 láìyẹsẹ̀. Axel Brünger, tó wà ní Yale nígbà náà, ló gbé e jáde nínú Nature ní 1992. Orúkọ rẹ̀ ni R-free.

Ní kóòtù, bí ẹlẹ́rìí kan bá ń jẹ́rìí lọ́wọ́, wọ́n máa ń ní kí àwọn ẹlẹ́rìí tó kù bọ́ síta. Ẹni tó bá ti jókòó gbọ́ tẹnu ẹni tó ṣáájú rẹ̀, ohun tó bá sọ lẹ́yìn náà kò ní ìwúwo mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ olóòótọ́ ènìyàn. Ohun tí Brünger ṣe nìyẹn. Kí àtúnrọ tó bẹ̀rẹ̀, ó ṣẹ́ àmì díẹ̀ sọ́tọ̀, bíi 5 tàbí 10 nínú 100, láìṣojúsàájú, bí ẹni mú ìbò. Àwọn wọ̀nyí ni mo máa pè ní ẹlẹ́rìí ìta; R tí a bá ṣírò lórí wọn nìkan ni R-free. Àwọn tó kù, ẹlẹ́rìí ilé, ni a ó máa fi túnrọ àwòṣe. Bí àwòṣe bá tọ́, á bá àwọn ẹlẹ́rìí ìta mu láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni kọ́ ọ ní ohun tí wọ́n fẹ́ sọ, torí purotéènì kan ṣoṣo ni gbogbo wọn jọ ń jẹ́rìí sí. Bó bá jẹ́ pé ńṣe la kàn fipá tẹ̀ ẹ́ kó bá àwọn ẹlẹ́rìí ilé mu, àwọn tó wà níta kò ní mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, R-free á sì dúró sókè.

R-free máa ń ga ju R lọ díẹ̀. Bí R bá jẹ́ 0.20 tí R-free jẹ́ 0.24, ọkàn ẹni balẹ̀. Bí àlàfo àárín wọn bá fẹ̀ gan-an, a ti tẹ àwòṣe kọjá bó ṣe yẹ. Bí wọ́n bá wá fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba nínú kírísítálì tí kò mọ́ púpọ̀, ó yẹ kí ìfura bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀, torí ó ṣeé ṣe kí ẹnì kan ti ṣílẹ̀kùn fún ẹlẹ́rìí ìta. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kì í sábà mọ èyí. Wọ́n rò pé bí R-free bá ṣe ń wálẹ̀ náà ló ṣe ń dára.

Nọ́ńbà àyà ẹlẹ́rìí àti aṣọ́nà tuntun

Ẹ jẹ́ ká padà sí òpó tó wà nínú fáìlì wa. Kò sí àṣírí kan nínú rẹ̀. Ńṣe ló dà bí ìgbà tí wọ́n lẹ nọ́ńbà mọ́ àyà ẹlẹ́rìí kọ̀ọ̀kan, kí aṣọ́nà lè mọ ẹni tó gbọdọ̀ wà níta. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ilé iṣẹ́ aṣọ́nà kọ̀ọ̀kan ní òfin tirẹ̀, òfin náà kò sì bára mu.

Nínú àkójọpọ̀ sọ́fítíwià CCP4, èyí tó ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wá, wọ́n máa ń pín gbogbo àmì sí 20 ọ̀wọ́, láti 0 dé 19, ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ nǹkan bíi 5 nínú 100. Ọ̀wọ́ 0 ni ẹlẹ́rìí ìta, àfi bí ẹ bá sọ nǹkan mìíràn fún un. Refmac, tó ń túnrọ àwòṣe nínú CCP4, ń retí bẹ́ẹ̀. Nínú X-PLOR tí Brünger kọ, àti CNS tó rọ́pò rẹ̀, nọ́ńbà méjì péré ló wà: 1 ni ẹlẹ́rìí ìta, 0 ni ẹlẹ́rìí ilé. Phenix náà ń lo 1 fún ẹlẹ́rìí ìta bó bá jẹ́ òun ló pín wọn. SHELX yàtọ̀ pátápátá: -1 ló máa ń kọ sí òpin ìlà àmì tí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn.

Ẹ wá wo ohun tó lè ṣẹlẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ kan ti fi oṣù mẹ́ta túnrọ àwòṣe rẹ̀ nínú Refmac, ọ̀wọ́ 0 sì wà níta ní gbogbo àkókò yẹn. Ọ̀gá rẹ̀ ní kó gbìyànjú sọ́fítíwià mìíràn. Ó gbé fáìlì lọ, sọ́fítíwià tuntun sì ka 1 gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí ìta. Ọ̀wọ́ 1 tó ti wà nínú ilé láti oṣù mẹ́ta, tó ti gbọ́ gbogbo ẹjọ́, tí wọ́n ti tẹ àwòṣe bá ẹnu rẹ̀ mu, ni wọ́n wá mú jáde síta pé kó wá jẹ́rìí. Ọ̀wọ́ 0 wọlé lọ jókòó. R-free já wálẹ̀ lójijì, bóyá láti 0.27 sí 0.23. Inú akẹ́kọ̀ọ́ dùn, ó ní sọ́fítíwià tuntun yìí lágbára ju ti àtijọ́ lọ. Kò sí ohun tó dára sí i lára àwòṣe rẹ̀. Láti ọjọ́ yẹn lọ, ọ̀wọ́ 0 náà ti gbọ́ ẹjọ́, kò sì sí ẹlẹ́rìí tó mọ́ tónítóní mọ́ nínú fáìlì yẹn.

Irú èyí kejì máa ń tètè hàn. Bí fáìlì tó ní 0 àti 1 péré bá bọ́ sọ́wọ́ sọ́fítíwià tó kà á sódì, 95 nínú 100 àmì ló máa lé síta, ìwọ̀nba 5 ló sì máa fi ṣiṣẹ́. R á wálẹ̀ débi tó burú, R-free á fò sókè, àwòrán á sì dà rú. Ẹni tó bá lójú á mọ̀ pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ti àkọ́kọ́ ni mo ń bẹ̀rù, torí ẹ̀rín ló máa ń bá wá.

Àwọn tó ń kọ sọ́fítíwià ti gbìyànjú. Phenix máa ń yẹ òpó náà wò, á sì mọ̀ fúnra rẹ̀ bóyá irú ti CCP4 ni tàbí ti CNS, á wá yan nọ́ńbà tó yẹ. Ó tún máa ń kọ ohun kan tó dà bí òǹtẹ̀ ìka ọwọ́ sínú fáìlì àwòṣe, kó lè dá àwọn ẹlẹ́rìí ìta àtijọ́ mọ̀. Bí ẹ bá gbé àwòṣe yẹn padà wá pẹ̀lú ẹlẹ́rìí ìta mìíràn, á dúró, á sì béèrè fáìlì àtijọ́ lọ́wọ́ yín. Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń bínú sí ìdúró yìí, wọ́n á sì wá ọ̀nà láti fo ó kọjá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fo ó. Ẹ lọ wá fáìlì náà.

Ohun tí mo máa ń sọ fún ẹni tó bá bi mí kò ju èyí lọ: ẹ pín àmì yín lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ tó kọ́ átọ́ọ̀mù kan. Ẹ pín in kọjá ibi tí kírísítálì yín mọ́ dé lónìí, torí ọ̀la lè mú kírísítálì tó mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ wá. Fáìlì yẹn ni kí ẹ sọ di ti ìpilẹ̀, kí ẹ fi pamọ́ síbi tí ẹnikẹ́ni kò ti lè yí i padà. Nígbàkigbà tí ẹ bá kúrò nínú sọ́fítíwià kan bọ́ sí òmíràn, ẹ ka àkọsílẹ̀ tó kọ jáde, kí ẹ wo iye àmì tó pè ní ẹlẹ́rìí ìta àti nọ́ńbà tó lò. Bí iye náà kò bá bá ti àná mu, ẹ dá iṣẹ́ dúró.

Ọmọ ìyá kan náà

Ìjò tó tẹ̀ lé èyí ṣòroó rí jù ú lọ. Ká ní ẹ ti parí iṣẹ́ lórí purotéènì kan, ẹ wá fẹ́ mọ bí oògùn mẹ́wàá ṣe ń dì mọ́ ọn. Ẹ ó rẹ kírísítálì rẹ̀ sínú omi oògùn kọ̀ọ̀kan, ẹ ó sì gba dátà tuntun. Kírísítálì náà kò yí padà, ìtò purotéènì inú rẹ̀ kò yí padà, nítorí náà àmì tuntun kọ̀ọ̀kan jẹ́ ọmọ ìyá àmì àtijọ́ tó wà ní ipò kan náà. Àwòṣe tí ẹ máa fi bẹ̀rẹ̀ sì ti jókòó ti ẹlẹ́rìí ilé àtijọ́ pẹ́. Bí ẹ bá mú ìbò tuntun, 19 nínú 20 àwọn ẹlẹ́rìí ìta tuntun yín ló máa jẹ́ ọmọ ìyá ẹni tó ti wà nínú ilé nígbà àkọ́kọ́. Wọ́n ti gbọ́ ẹjọ́ láti ẹnu ẹbí.

Ohun tó yẹ ni kí ẹ da nọ́ńbà àtijọ́ kọ sára dátà tuntun, àmì fún àmì. Níbi tí kírísítálì tuntun bá ti mọ́ ju ti àtijọ́ lọ, àwọn àmì tí kò ní ẹ̀gbọ́n nìkan ni kí ẹ mú ìbò fún. CCP4 àti Phenix ló ní ọ̀nà tí wọ́n fi ń ṣe èyí. Ẹ ronú sí iṣẹ́ tí wọ́n ṣe ní Diamond Light Source, ilé iṣẹ́ ńlá tó ń pèsè ìtànṣán X nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní 2020, nígbà tí kòrónà ń jà: wọ́n rẹ kírísítálì purotéènì kan lára kòkòrò àrùn náà, èyí tí wọ́n ń pè ní main protease, sínú ìrúnrún oògùn tó lé ní ẹgbẹ̀rún kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan sínú tirẹ̀. Nínú irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, bí dátà kọ̀ọ̀kan bá ń mú ìbò tirẹ̀, kò sẹ́ni tó lè fi R-free ọ̀kan wé ti èkejì.

Ẹbí tún lè wà nínú kírísítálì kan náà. Nígbà mìíràn, ẹ̀dà purotéènì méjì, mẹ́rin, tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ máa ń wà nínú ìdì kan ṣoṣo, tí wọ́n jọra láìjẹ́ pé òfin kírísítálì fúnra rẹ̀ ló so wọ́n pọ̀. Ara àwọn kòkòrò fáírọ́ọ̀sì olóbìírípo burú jù: ibi ọgọ́ta ló jọra lára wọn. Ìjọra yìí máa ń so àmì kan mọ́ òmíràn tó jìnnà sí i, débi pé bí ẹ bá mọ ọ̀kan, ẹ ti mọ díẹ̀ nínú ohun tí èkejì fẹ́ sọ. Bí ọ̀kan bá wà nílé tí èkejì wà níta, ọ̀rọ̀ á máa gba ojú fèrèsé jáde. Àwọn kan máa ń yanjú rẹ̀ nípa mímú ẹlẹ́rìí ìta ní ìpele tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́, ìyẹn ni pé gbogbo àmì tó wà ní ìwọ̀n Å kan náà ni wọ́n máa kó síta pọ̀, kí ẹbí má bàa pín sí méjì. Ọgbọ́n ni, ṣùgbọ́n ó ní ìnáwó tirẹ̀, torí àlàfo á wá wà nínú dátà ní ìpele wọ̀nyẹn.

Ti kírísítálì ìbejì le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kírísítálì méjì máa ń hù pọ̀ nígbà mìíràn, tí àmì wọn á sì gun ara wọn. Kì í ṣe ìjọra mọ́ níbẹ̀; ìmọ́lẹ̀ àmì kan ti dà sínú ti èkejì ní tààràtà. Àwọn àmì tó jẹ́ ìbejì ara wọn gbọdọ̀ wà níbì kan náà, yálà níta tàbí nínú ilé, kò sí àríyànjiyàn lórí ìyẹn. Phenix máa ń gbìyànjú láti bọ̀wọ̀ fún èyí nígbà tó bá ń pín àmì, torí ìbáradọ́gba àpótí kírísítálì ló ń tẹ̀ lé. (Àpótí ni ẹyọ kékeré tó ń tún ara rẹ̀ ṣe jákèjádò kírísítálì; ìbáradọ́gba ni àwọn ọ̀nà tí a lè gbà yí i tí yóò sì tún rí bákan náà.) Bí ẹ bá sì wá rí i lágbedeméjì iṣẹ́ pé ìbáradọ́gba tí ẹ kọ́kọ́ gbà kọjá bó ṣe yẹ, tí ẹ ní láti padà sí èyí tó kéré jù ú lọ, ẹ má ṣe mú ìbò tuntun. Àmì kan máa di méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀. Kí gbogbo wọn jogún nọ́ńbà àtijọ́.

Nígbà tí ẹlẹ́rìí kò pọ̀

DNA mú ìṣòro mìíràn wá. Ẹ wo èyí tí yàrá iṣẹ́ Richard Dickerson ṣe ní nǹkan bí 1980, tó wà lónìí nínú Protein Data Bank, ibi tí gbogbo ayé ń kó irú àwòṣe wọ̀nyí pamọ́ sí, pẹ̀lú orúkọ 1BNA: okùn méjì tó lọ́ mọ́ra, lẹ́tà 12 lórí ọ̀kọ̀ọ̀kan, CGCGAATTCGCG. Àpótí kírísítálì rẹ̀ kò ju nǹkan bí 25 sí 40 sí 66 Å lọ. Ní 1.9 Å, gbogbo àmì tó lè ti inú irú àpótí bẹ́ẹ̀ jáde jẹ́ nǹkan bí 5,000. Kò tíì sí R-free nígbà náà. Ṣùgbọ́n bí ẹnì kan bá fẹ́ ṣe irú iṣẹ́ yẹn lónìí, 5 nínú 100 jẹ́ 250 ẹlẹ́rìí péré.

Ṣé 250 tó? Òfin kan wà tó rọrùn: iye tí R-free lè fi ṣìnà jẹ́ R-free fúnra rẹ̀ tí a fi gbòǹgbò iye ẹlẹ́rìí ìta pín. Pẹ̀lú 250 ẹlẹ́rìí, R-free tó jẹ́ 0.25 lè yẹ̀ ní nǹkan bí 0.016. Bí ẹ bá ṣe àyípadà kan tó mú R-free wálẹ̀ ní 0.005, ẹ kò lè sọ pé ẹ rí nǹkan kan. Pẹ̀lú 2,000 ẹlẹ́rìí, ìyẹ̀sí náà á dín sí nǹkan bí 0.006. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ fi ń fẹ́ kí ẹlẹ́rìí ìta wà láàárín 500 sí 2,000. Phenix máa ń mú 10 nínú 100, ṣùgbọ́n á dúró bó bá ti pé 2,000, torí kò sí èrè nínú kíkó jù bẹ́ẹ̀ síta.

Fún DNA kékeré, kíkó 10 nínú 100 kúrò lára ìwọ̀nba tó wà ń dun àwòrán náà. Ọ̀nà àbáyọ ni kí gbogbo ọ̀wọ́ gba ìta ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni 20 ọ̀wọ́ CCP4 ti wúlò: ẹ ó túnrọ àwòṣe nígbà 20, nígbà kọ̀ọ̀kan ọ̀wọ́ mìíràn á wà níta, lẹ́yìn náà ẹ ó kó gbogbo ẹ̀rí ìta pọ̀ ṣe ìṣirò kan. Báyìí, gbogbo àmì ló jẹ́rìí láti ìta, gbogbo wọn náà ló sì ṣiṣẹ́ nínú ilé. Iṣẹ́ PDB-REDO, tí wọ́n fi ń túnrọ àwòṣe àtijọ́ tó wà nínú Protein Data Bank, máa ń ṣe irú èyí bí ẹlẹ́rìí ìta bá kéré jù. Ó ń jẹ àkókò kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n àkókò kọ̀ǹpútà kò wọ́n mọ́ bíi ti 1992.

Ìjò kan wà tí kò sí sọ́fítíwià tó lè dí i. Bí ẹ bá gbìyànjú ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, tí ẹ sì ń fi R-free yan èyí tí ẹ máa gbà nínú wọn, ẹ̀yin fúnra yín ti ń gbọ́ ohun tí ẹlẹ́rìí ìta ń sọ, ẹ sì ń gbé e wọlé díẹ̀díẹ̀. Kò ṣeé yẹra fún pátápátá. Ẹ lò ó fún ìpinnu ńlá, bíi bóyá ọ̀nà àtúnrọ yìí bá dátà mu tàbí kò bá a mu. Ẹ má ṣe lò ó láti mọ bóyá kí ẹ fi mólíkúùlù omi kan ṣoṣo kún àwòṣe. Ohun mìíràn tí ọ̀pọ̀ kò mọ̀ ni pé Refmac àti Phenix ń fi ẹlẹ́rìí ìta díwọ̀n bí wọ́n ṣe lè gbẹ́kẹ̀ lé àwòṣe tó, kí wọ́n má bàa dá ara wọn lójú jù. Bí ẹlẹ́rìí bá ti bàjẹ́, R-free nìkan kọ́ ló ń jìyà. Àtúnrọ àti àwòrán tí ẹ ń wò náà ń jìyà pẹ̀lú.

Bí nọ́ńbà àtijọ́ bá ti sọnù ńkọ́? Ó ń ṣẹlẹ̀ gan-an. Ẹnì kan parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ó lọ, kọ̀ǹpútà kú, fáìlì ìpilẹ̀ bá a lọ. Kí ẹ kọ́kọ́ wo Protein Data Bank bóyá iṣẹ́ náà ti débẹ̀. Bí kò bá sí, ẹ mú ìbò tuntun, ṣùgbọ́n kí ẹ jẹ́ kí àwòṣe gbàgbé ohun tó ti gbọ́: ẹ gbọn átọ́ọ̀mù rẹ̀ kúrò ní ipò wọn díẹ̀, ẹ sọ ìwọ̀n ìgbọ̀n gbogbo wọn di ọ̀kan náà, tàbí kí ẹ mú un gbóná nínú kọ̀ǹpútà kí ẹ sì jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀, kí ẹ wá túnrọ rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ títí yóò fi dúró sójú kan. Àwọn kan gbà pé àtúnrọ tó bá dé òpin lóòótọ́ á pa ìrántí yẹn rẹ́ fúnra rẹ̀. Ó ṣeé ṣe kó rí bẹ́ẹ̀ nígbà tí dátà bá pọ̀. Èmi á gbọn ọ́n náà, torí kò gbà mí ju ìṣẹ́jú díẹ̀ lọ.

Láti ọjọ́ kìíní oṣù kejì 2008 ni Protein Data Bank ti sọ ọ́ di dandan pé ẹni tó bá gbé àwòṣe kírísítálì wá gbọ́dọ̀ gbé dátà rẹ̀ wá pẹ̀lú. Nínú fáìlì dátà náà, òpó kan wà tí wọ́n kọ status sí. Lẹ́tà o wà níwájú àmì tí wọ́n fi túnrọ àwòṣe, lẹ́tà f wà níwájú ẹlẹ́rìí ìta. Ẹnikẹ́ni lè gba fáìlì yìí sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, láti Ìbàdàn tàbí láti Bahia, kó ka iye f tó wà nínú rẹ̀, kó sì ṣírò R-free fúnra rẹ̀. Bó bá jẹ́ pé òun náà fẹ́ fi kírísítálì irú yẹn ṣiṣẹ́ oògùn, àwọn f yẹn ni kó kọ́kọ́ dà kọ sínú fáìlì tirẹ̀.